Oko Ta Ni A Ń Ro? Ọ̀rọ̀ lórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Inú Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ìmọ̀ràn kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn tí ń tọ́ ọ̀dọ́bìnrin sọ́nà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ bá ti gba ìwé ẹ̀rí tán, tí ó sì béèrè ohun tí ó kù tí òun yóò ṣe, èsì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ó lọ mọ ènìyàn. Wọn yóò ní kí ó máa lọ sí ìpàdé, kí ó máa gba káàdì, kí ó máa kí àwọn ẹni ńlá, kí ó sì rí i pé orúkọ òun kò sọnù létí wọn. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Àwa Yorùbá ni a sọ pé ènìyàn ni aṣọ, a kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ti òkè òkun wá kọ́ wa pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ṣùgbọ́n mo ti ń fetí sí ìmọ̀ràn yìí fún ìgbà pípẹ́, mo sì ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń gba ọmọ nímọ̀ràn yìí kì í sọ ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí a bá mọ̀, wọn kì í sì í sọ ohun tí òun náà yóò ṣe fún wa. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa mímọ ènìyàn bí ẹni pé afárá lásán ni ènìyàn, tí a ń tẹ̀ kọjá lọ sí òdìkejì odò. Ibẹ̀ gan-an ni àríwísí mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú àṣà iṣẹ́ oko wa, ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn baba wa fi ń pe ara wọn sí iṣẹ́. Èkínní ni àáró. Àwọn ènìyàn tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yóò kó ara wọn jọ. Lónìí wọn yóò lọ sí oko Àjàní, lọ́la wọn yóò lọ sí ti Àkànní, títí yóò fi kárí. Iye ebè tí o bá kọ lóko ẹnìkejì ni òun náà yóò wá kọ lóko tìrẹ. Owó kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè àáró, gbogbo abúlé ni yóò mọ̀. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni iṣẹ́. Òun ni yóò ránṣẹ́ pe ènìyàn, òun ni yóò se oúnjẹ, tí yóò gbé ẹmu kalẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí tí a sì jẹun tán, olúkúlùkù yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀wẹ̀ kò burú, ó ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé inú àáró ni òun wà, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá, yóò jí lọ́jọ́ kan, yóò sì rí i pé oko tòun ti di igbó. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé síwájú àwọn ẹgbẹ́ obìnrin inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni èyí: oko ta ni a ń ro?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kì í ṣe pé obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú iṣẹ́ yìí. Obìnrin 6 ni wọ́n yàn láti máa ṣe ètò iṣẹ́ fún ENIAC, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá àkọ́kọ́ láyé, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà han aráyé ní oṣù kejì ọdún 1946, àwọn ọkùnrin tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni òkìkí kàn. Wọn kò tilẹ̀ pe àwọn obìnrin náà sí àsè alẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ. Ní 1984, nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 37 ni ó jẹ́ obìnrin. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 2010, iye náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 18. Ìmọ̀ náà ń gbòòrò, owó inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, obìnrin sì ń dín kù nínú rẹ̀.

Ẹni tí irú rẹ̀ kò pọ̀ níbi iṣẹ́, ohun tí ó sábà máa ń pa á lára kì í ṣe ìkà tí a lè fi ìka tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ tí kò dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Èló ni wọ́n ń san fún ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Iṣẹ́ wo ni ọ̀gá fẹ́ pa tì lóṣù tí ń bọ̀, kí ó má baà fi ọdún kan ṣòfò lórí rẹ̀? Ọ̀gá wo ni kì í mú ìlérí ṣẹ? Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sí nínú ìwé òfin iléeṣẹ́. Ìdí ọtí, pápá bọ́ọ̀lù àti orí àga oúnjẹ ọ̀sán ni a ti ń gbọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó lé obìnrin kúrò níbẹ̀. Kò kàn sí níbẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó rántí láti sọ fún un. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wà fún nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí kò bá mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́, iye yòówù kí ó kó jọ, kò tí ì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1962, Stephanie Shirley dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú pọ́n-ùn 6 péré. Ìlú Dortmund ní Jámánì ni a bí i sí. Ara àwọn ọmọdé tí wọ́n kó sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1939 nítorí inúnibíni sí àwọn Júù ni òun jẹ́. Freelance Programmers ni ó pe iléeṣẹ́ rẹ̀. Láyé ìgbà náà, bí obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá ti bímọ, lójú ọ̀pọ̀ ọ̀gá, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ gan-an ni Shirley kó jọ. Inú ilé wọn ni wọ́n ti ń fi pẹ́ńsù kọ ètò iṣẹ́ sórí ìwé, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ibi tí kọ̀ǹpútà wà. Nínú 300 òṣìṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, 297 ni ó jẹ́ obìnrin. Òun fúnra rẹ̀ ròyìn pé nígbà tí àwọn lẹ́tà tí òun fi orúkọ obìnrin kọ kò rí èsì, òun bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Steve fọwọ́ sí i, ìlẹ̀kùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Lára iṣẹ́ tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe ni ètò iṣẹ́ fún àpótí tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ òfuurufú Concorde.

Ohun tí mo rí fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé ẹnu iṣẹ́ ni àwọn obìnrin náà ti mọ ara wọn. Ẹni tí ó bá bá ọ ṣe iṣẹ́ kan náà pọ̀ mọ ibi tí ọgbọ́n rẹ ti mú àti ibi tí ó ti kú; ó mọ̀ bóyá ò ń jí wá sí ọjọ́ ìlérí tàbí o kì í jí. Bí ó bá dárúkọ rẹ níwájú ẹlòmíràn lọ́la, ẹ̀rí ni ó ń jẹ́, kì í ṣe ojúrere ni ó ń ṣe fún ọ. Ẹ̀rí àti ojúrere kò sì dọ́gba. Ojúrere a máa tán; ẹni tí ó ṣe é fún ọ lè bínú kí ó gbà á padà. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè gba ẹ̀rí ohun tí ojú rẹ̀ rí padà? Lóòótọ́, mo ní iyèméjì díẹ̀. Iléeṣẹ́ tí ó ní olówó kan ṣoṣo lè di ọ̀wẹ̀ nígbàkúùgbà. Ohun tí ó mú tirẹ̀ sún mọ́ àáró ni pé nígbà tí ìkórè dé, Shirley pín lára ohun ìní iléeṣẹ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí 70 nínú wọn fi di olówó mílíọ̀nù. Nígbà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ láàrin ọkùnrin àti obìnrin léèwọ̀ jáde ní 1975, iléeṣẹ́ náà ní láti ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin pẹ̀lú. Shirley kú ní 2025, ó sì fi ẹ̀kọ́ ńlá sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ mi kejì kò ní iléeṣẹ́ nínú rárá. Ní 1987, àwọn onímọ̀ nípa ètò tí ń darí inú kọ̀ǹpútà ṣe ìpàdé àpérò ní ìlú Austin, ní Amẹ́ríkà. Anita Borg, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní New York University ní 1981, wà níbẹ̀. Ọkùnrin ni ó kún ibẹ̀. Inú yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ ni ìwọ̀nba obìnrin tí ó wá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbèrò àtijẹun pọ̀. Borg gba àdírẹ́sì ímeèlì wọn, ó sì fi kó wọn jọ. Bí ẹgbẹ́ Systers ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ni orúkọ náà: ó pa ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe arábìnrin pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fi ń pe ètò inú kọ̀ǹpútà. Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí àsíá, kò sí aṣọ ẹgbẹ́. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà nìkan ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé kò tí ì gbọ́ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì rí.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò pọ̀. Obìnrin tí ó wà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni kí ó wọ̀ ọ́; ohun tí a bá sì sọ níbẹ̀, kí ó má ṣe jáde. Òfin kejì yìí ni mo kà sí ọgbọ́n jùlọ. Ní ìpàdé gbangba, kò sí ẹni tí ń béèrè ohun tí kò mọ̀ ní ti gidi. Ìbéèrè tí a fi ń fi ọgbọ́n hàn ni a ń béèrè. Ṣùgbọ́n níbi tí àṣírí bá ti bò, obìnrin lè béèrè bóyá owó tí wọ́n fi lọ òun tó. Ó lè béèrè bí òun yóò ti ṣe sí ọ̀gá tí ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu òun. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yóò fèsì. Lọ́la, ẹni tí ó béèrè lónìí ni yóò máa fún ẹlòmíràn lésì. Ìbéèrè olúkúlùkù ni oko tirẹ̀, èsì àwọn yòókù sì ni ebè tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà sì di alágbára láì wá agbára kiri. Ní 1992, nígbà tí iléeṣẹ́ Mattel ṣe ọmọláńgidi Barbie kan tí ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé ìṣirò le, ohùn àwọn obìnrin Systers wà lára àwọn ohùn tí ó mú kí iléeṣẹ́ náà yọ gbólóhùn yẹn kúrò lẹ́nu ọmọláńgidi wọn.

Àwọn kan bínú nígbà náà pé kí ni ìdí tí a fi ya ọkùnrin sọ́tọ̀. Èsì tí Borg fún wọn ni pé ojoojúmọ́ ni àwọn ọkùnrin inú iṣẹ́ náà ń bá ara wọn pàdé láì wá ara wọn, ṣùgbọ́n obìnrin lè ṣiṣẹ́ pẹ́ títí láì rí obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá sọ̀rọ̀. Mo fara mọ́ èsì yìí, mo sì fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Àáró fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Àwọn tí ìṣòro wọn jọra tí agbára wọn sì dọ́gba ni ń ṣe é, nítorí pé láàrin irú wọn ni ìṣirò ti lè rọrùn. Kì í ṣe pé a kórìíra ẹni tí kò sí nínú àáró wa. Oko tirẹ̀ wà níbòmíràn ni.

Nígbà tí ó di 1994, Borg àti Telle Whitney pe ìpàdé ńlá kan ní Washington, wọ́n sì fi orúkọ Grace Hopper, ògbólógbòó nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, pè é. Nǹkan bí 500 ènìyàn ni ó wá. Iṣẹ́ ìwádìí ni ó wà láàrin gbùngbùn ìpàdé náà: àwọn obìnrin ń fi ohun tí wọ́n ṣe han ara wọn. Borg kú ní oṣù kẹrin ọdún 2003, kò tí ì ju ẹni ọdún 54 lọ. Ìpàdé náà ń dàgbà lọ. Àwọn iléeṣẹ́ olówó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àgọ́ níbẹ̀ láti máa wá òṣìṣẹ́, owó wọn sì mú kí gbọ̀ngàn náà fẹ̀ sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ìlú Orlando, nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni ó wá. Ọdún náà jẹ́ ọdún tí àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lé òṣìṣẹ́ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn ọkùnrin tí ń wá iṣẹ́ ya wọ ibẹ̀. Wọ́n tò níwájú àgọ́ àwọn iléeṣẹ́, àwọn obìnrin tí a tìtorí wọn pe ìpàdé náà sì ń ráhùn pé wọ́n ń ti àwọn kúrò lójú ìlà. Àwọn olùdarí ìpàdé náà sọ pé àwọn kan purọ́ nípa ara wọn nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò lè lé ọkùnrin jáde, nítorí òfin Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ọkùnrin ni wọ́n bá wí. Èmi kò ní gbèjà ẹni tí ó purọ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní gbèjà ẹni tí ó ti ẹlòmíràn ṣubú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ ni pé kí a wo ohun tí a kọ́ kí a tó wo ẹni tí ó wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ roko kì í du àyè nínú àáró, nítorí kò sí ohun tí yóò bá níbẹ̀ bí kò ṣe ọkọ́ àti oòrùn. Bí a bá rí i tí ogunlọ́gọ̀ ń du àyè níbì kan, ọjà ni a ti kọ́ síbẹ̀. Ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn rí láti òkèèrè ni àwọn obìnrin inú rẹ̀ kò fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí ó fi di ọdún yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ ń bá lọ sí ibẹ̀ ni àgọ́ àwọn iléeṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ ni ó sì ni oko náà. Wọ́n ń ṣa òṣìṣẹ́, wọ́n ń fọ ojú ara wọn mọ́, wọ́n sì ń ya fọ́tò pẹ̀lú obìnrin. Àwọn ni wọ́n se oúnjẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn obìnrin jẹ ẹ́, wọ́n sì rò pé àáró ni.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ní 2024 tún fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ẹgbẹ́ Women Who Code, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 2011, kéde ní oṣù kẹrin ọdún náà pé òun ń túká. Ẹgbẹ́ náà ní ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ju 360,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 145. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé owó tí wọ́n fi ń ṣe é kò wọlé mọ́. Èmi kò sọ pé ẹgbẹ́ náà kò ṣe rere. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Báwo ni ẹgbẹ́ tí ó ní 360,000 ènìyàn yóò ṣe kú nítorí pé ìwọ̀nba ilé tí ń fún un lówó kó ọwọ́ wọn sẹ́yìn? Bí ẹni tí ó ń se oúnjẹ ọ̀wẹ̀ bá dáná kú, ọ̀wẹ̀ parí. Àáró kò ní irú olóúnjẹ bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé nínú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, àwọn tí wọ́n ti jọ ṣe iṣẹ́ pọ̀ yóò ṣì máa pe ara wọn títí di òní. Ìyẹn gan-an ni ẹgbẹ́. Èyí tí ó kù, orúkọ inú ìwé ni.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé pẹ̀lú. Oreoluwa Lesi ni ó dá W.TEC sílẹ̀ ní Èkó ní 2008, láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àjọ tí Anita Borg dá sílẹ̀ kí ó tó kú sì wà lára àwọn tí wọ́n yẹ́ ẹ sí nítorí iṣẹ́ yìí. Báyìí ni okùn kan ṣe so Austin ọdún 1987 pọ̀ mọ́ Èkó. Abisoye Ajayi-Akinfolarin náà wà, ẹni tí ètò GirlsCoding rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti irú àdúgbò bíi Mákòkó, tí CNN sì kà mọ́ àwọn akọni ọdún 2018. Inú mi dùn sí iṣẹ́ wọn nítorí pé iṣẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kò kọ́kọ́ sọ fún ọmọ Mákòkó pé kí ó lọ mọ ènìyàn. Wọ́n fi í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí ó kọ nǹkan. Nígbà tí ó bá ti kọ nǹkan, yóò ní ohun tí ènìyàn yóò fi mọ òun.

Ṣùgbọ́n àwa náà ní àìsàn tiwa, n kò sì ní bò ó. Mo ti jókòó ní àwọn ìpàdé tí a ti fi wákàtí méjì pe àwọn ẹni ńlá sí orí àga ọlọ́lá, tí a kí wọn níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì, tí a sì fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ọmọbìnrin kan a dìde, a béèrè iye tí ó yẹ kí òun gbà lórí iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé fún òun. Èsì tí yóò gbọ́ ni pé kí ó má ṣe rẹ̀wẹ̀sì, kí ó fi Ọlọ́run ṣíwájú. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n iye owó ni ọmọ béèrè, àwọn ìyá orí àga sì mọ̀ ọ́n. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́ ní gbangba, ṣé wọn kò lè pè é sẹ́yìn? Ìyá ẹgbẹ́ tí ó mọ iye owó tí kò sì sọ ọ́ ti jẹ gbèsè àáró, bí gèlè rẹ̀ tilẹ̀ ga dé òrùlé.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kò ní ọkọ́ lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe wọ àáró? Kí ni yóò fi san án? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà náà kò wọ kèrègbè. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ sábà máa ń mọ irinṣẹ́ tuntun tí àgbà kò ráyè kọ́. Ó lè yẹ iṣẹ́ àgbà wò kí ó rí àṣìṣe inú rẹ̀. Ó lè kọ àkọsílẹ̀ ohun tí a sọ ní ìpàdé fún ẹni tí kò lè wá. Bí kò bá sì rí èyí ṣe lónìí, kò pọn dandan pé ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ ni yóò san án padà fún. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ó ṣe é fún. Èyí tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ìtàn náà dúró sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kí n má baà dà bí ẹni tí ń gbé ẹrù tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ lé ẹgbẹ́ lórí. Ẹgbẹ́ kò lè dípò òdodo. Ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, nínú 100 ọmọ tuntun tí wọ́n gbà sí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní 1995, 7 péré ni ó jẹ́ obìnrin; nígbà tí ó di 2000, wọ́n ti di 42. Jane Margolis àti Allan Fisher kọ ìwé lé e lórí ní 2002. Kì í ṣe káàdì ni àwọn ọmọbìnrin náà fi wọlé. Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ni ó yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan ọmọ padà: wọn kò ka iye ọdún tí ọmọ ti fi ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kí ó tó dé sí ohun pàtàkì mọ́, wọ́n sì tún bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ṣe. Nítorí náà, ọ̀gá iléeṣẹ́ tí ó bá ń sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n lọ mọ ènìyàn, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ fọwọ́ kan ìlànà tí a fi ń gba òṣìṣẹ́ àti èyí tí a fi ń san owó, ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ ran ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹgbẹ́ tòótọ́ a máa ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, a sì máa fún un ní ẹnu láti sọ ọ́.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ẹgbẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Ta ni ó jàǹfààní nígbà tí ìpàdé túká: ọmọ ẹgbẹ́ ni, àbí ẹni tí ó san owó gbọ̀ngàn? Ìbéèrè wo ni a lè béèrè níbẹ̀ tí a kò lè béèrè níbòmíràn? Bí owó olówó bá tán lọ́la, ta ni yóò ṣì gbé ọkọ́ rẹ̀ wá? Ọmọbìnrin tí ó bá ń wá ẹgbẹ́ tí yóò wọ̀ kò nílò kí ó wá èyí tí ó tóbi jùlọ. Kí ó wá obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́, kí ó ka iṣẹ́ wọn kí wọ́n ka tirẹ̀, kí wọ́n sọ iye owó tí wọ́n ń gbà fún ara wọn láì fi ọ̀kan pamọ́, kí ó sì kọ́kọ́ ro oko ẹlòmíràn kí ó tó pe ẹnikẹ́ni sí tirẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.